Kìlómítà Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n Láàrin Pápákọ̀ Òfurufú Méjì ní Bangkok

“Ẹ má tíì san owó yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.”

Ohun tí mo sọ fún Ìyá Kẹ́hìndé nìyẹn lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí ó na fóònù rẹ̀ sí mi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. East Flatbush ni ó ń gbé. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń kọ́ni ní Chiang Mai, ìlú kan ní apá òkè ilẹ̀ Thailand, ọmọ mi tó ń gbé níbẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ náà. Ìyá Kẹ́hìndé fẹ́ lọ wò ó, ó sì ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ wálẹ̀. Yóò sọ̀ sí pápákọ̀ òfurufú kan ní Bangkok, yóò sì lọ wọ bàálù mìíràn ní pápákọ̀ kejì. Ó ní òun ti wò ó dáadáa, kìlómítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ló wà láàrin méjèèjì. Bí mo ṣe gbọ́ iye yẹn ni mo dá a dúró. Iye kan náà ni èmi náà kà lórí fóònù tèmi, tí mo sì fi gbogbo ọkàn gbà gbọ́. Ó ní kí n kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ìyá kí gbogbo wa lè kà á, mo sì ní ó dáa.

Mojísọ́lá ni orúkọ ọmọ mi. Bronx níhìn-ín ni mo bí i sí. Ní yunifásítì ló ti pàdé Anan, ọmọ Thailand, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì lọ ń gbé ní ìlú ọkọ. Nígbà tí oyún rẹ̀ ń pé, dókítà sọ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi ṣáájú, pé iṣẹ́ abẹ ni àwọn yóò fi gbé e. Wọ́n mú àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un ni Mojísọ́lá pè mí. Yorùbá rẹ̀ kò dán, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ ní ohùn kan náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ yékéyéké.

“Mọ́mì, mi ò lè wọ yàrá yẹn tí mi ò bá rí yín.”

Mo ní, “O ò ní wọ̀ ọ́ láì rí mi.”

Ó nídìí tí mo fi ṣe ìlérí yẹn kíákíá. Nígbà tí mo fẹ́ bí òun fúnra rẹ̀, wọn kò fún ìyá mi ní físà. Nọ́ọ̀sì kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọmọ fi jáde. Obìnrin náà ṣe dáadáa, mi ò sì gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni ojú mi ń wá ní ẹnu ọ̀nà ní gbogbo àkókò náà. Mo ti pinnu láti ìgbà yẹn pé ọmọ tèmi kò ní wo ẹnu ọ̀nà lásán.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní rárá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò yẹ kó máa wá bàálù kiri orí fóònù. Mo ra ti New York sí Seoul àti ti Seoul sí Bangkok pọ̀, mo sì lọ ra ti Bangkok sí Chiang Mai lọ́tọ̀ ní ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn. Lẹ́yìn tí mo sanwó ni mo rí i pé orúkọ pápákọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. Suvarnabhumi ni bàálù mi yóò sọ̀ sí, Don Mueang ni èkejì yóò ti gbéra. Mo ṣí ojú ìwé kan lórí fóònù, irú èyí tí ń sọ bí pápákọ̀ kan ṣe jìnnà sí òmíràn tó àti iye àkókò tí bàálù ń lò. Mo tẹ orúkọ méjèèjì sí i. Ó ní kìlómítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní, kí ni ìyẹn náà jẹ́? Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni mo ní lọ́wọ́ láàrin bàálù méjèèjì. Mi ò sún ojú ìwé náà lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé bí ẹyẹ ṣe ń fò ni àwọn fi wọn ọ̀nà náà, pé ó ṣeé ṣe kí bàálù kankan má máa ná an. Kò sì sí bàálù tó ń ná an. Ta ló máa wọ bàálù láti ìgbèríko ìlú kan dé ìgbèríko kejì?

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó yẹ kí n mọ̀. Morris Heights ni mo ń gbé, St. George ní Staten Island ni bàbá àgbà tí mò ń tọ́jú ń gbé. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, mo lè dúró lójú fèrèsé bàbá náà kí n rí àwọn ilé gíga Manhattan bí ẹni pé kí n na ọwọ́ kàn wọ́n. Síbẹ̀, tírénì, ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ àti ẹsẹ̀ mi ń gbà mí tó wákàtí méjì ní àárọ̀, wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń rin ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ti Bangkok, mo wọn ọ̀nà bí ẹyẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kúrò nílé. Bàbá Mojísọ́lá ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí pápákọ̀. Àpótí mi kan kún fún ẹ̀gúsí, ata gígún, èlùbọ́ àti aṣọ mi. Báàgì kékeré tí kò ní kúrò lọ́wọ́ mi ni mo kó ti ọmọ sí: òrí, ọṣẹ dúdú, kànhìnkàn tuntun méjì, ọ̀já, àti aṣọ funfun tí mo fi pọn Mojísọ́lá. Ọkọ mi gbé àpótí náà, ó sì gbé e padà sílẹ̀.

“Ṣé ìtọ́jú ọlọ́mọ lò ń lọ ṣe ni, àbí o fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù?”

Mo ní kó gbé e jẹ́ẹ́, àgbàlagbà ni.

Ọjọ́rú parẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú òfurufú. Bàálù gbéra ní New York ní kùtùkùtù Ọjọ́rú, wákàtí mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ ló sì fi fò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a sọ̀ sí Seoul, nítorí aago tiwọn fi wákàtí mẹ́tàlá ṣáájú tiwa. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ẹrù. Ọ̀fẹ́ ni. Níbí, èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kí ẹ̀rọ tó tú u sílẹ̀ fún un. Omi gbígbóná náà wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pọn ọ́n. Mo po ọ̀gì tí mo mú dání, mo mu ún, mo sì dúpẹ́ pé apá kan ìrìn náà ti tán.

Láti Seoul sí Bangkok, ó lé díẹ̀ ní wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la gbéra, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni aago Bangkok wí nígbà tí a sọ̀. Ẹni tó bá kàn yọ aago kan kúrò lára èkejì yóò rò pé kò tó wákàtí mẹ́rin. Wákàtí méjì ni aago Seoul fi ṣáájú ti Bangkok. Èyí ni mo mọ̀, mo sì ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mi ò ṣírò ni èrò tó tò síwájú àwọn tí ń lu òǹtẹ̀ ìwé ìrìnnà, àti àpótí mi tó jẹ́ òun ló kẹ́yìn jáde. Nígbà tí mo fi jókòó sínú takisí, aago méjì ti kọjá, òjò sì ti ń rọ̀.

Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan wà tó máa ń gbé ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì láti pápákọ̀ kan sí èkejì. Obìnrin tó ń dáhùn ìbéèrè sọ fún mi pé òjò ti dá a dúró lójú ọ̀nà, pé kí n wọ takisí. Ìwé pélébé kan ni ẹ̀rọ yọ fún mi, tí nọ́mbà ibi tí takisí dúró sí wà lára rẹ̀. Èmi àti awakọ̀ kò gbọ́ èdè ara wa, nítorí náà, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i, fóònù náà sì ń yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ibi tí mò ń lọ hàn án. Mo fi aago bàálù mi hàn án, aago mẹ́ta àti ààbọ̀. Ó wò ó. Ó tan ẹ̀rọ tó ń nu òjò, ó sì wọ ọ̀nà.

Láìpẹ́, gbogbo ọkọ̀ dúró. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ jìnnà réré nínú òjò. Awakọ̀ náà ní, “Rot tit, pa.” Rot ni ọkọ̀, tit ni kí nǹkan há. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ni. Pa ni wọ́n sì ń pe obìnrin tó bá ju ìyá ẹni lọ, bí ìgbà tí ọmọ wa bá pe èèyàn ní ẹ̀gbọ́n ìyá. Mo fẹ́ràn pé ó pè mí bẹ́ẹ̀. Ní New York, mádáàmù ni ǹ bá jẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ pè mí ní nǹkan.

Mo bi í pé èwo ni kìlómítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ń gba gbogbo àkókò yìí. Fóònù rẹ̀ sọ ọ́ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Pa, ìyẹn ti ẹyẹ. Ọ̀nà ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.”

Lẹ́yìn náà, ó tún sọ̀rọ̀ sí fóònù, fóònù sì sọ fún mi pé bàálù tó ń lọ sí Chiang Mai wà ní ibi tí mo ti ń bọ̀ yẹn gan-an, ó pọ̀ jọjọ.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún. Anan ni. Mo ti mọ ohùn ọmọ náà, kì í kánjú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń lé ara wọn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru Mojísọ́lá ti lọ sókè láti àárọ̀, dókítà sì ti sọ pé àwọn kò ní dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Aago mẹ́fà àti ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò gbé e wọlé. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ máa bá bàálù yín?”

Mo wo àwọn iná pupa tó wà níwájú. Mo ní, “Mò ń bọ̀.” Ìyẹn nìkan ni mo lè fi òótọ́ sọ.

Awakọ̀ náà ti ń wò mí nínú dígí. Mi ò rántí ohun tí mo sọ sí fóònù rẹ̀, bóyá ọmọ, bóyá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó sì yé e. Ó ní, “Jai yen, pa.” Jai ni ọkàn, yen ni tútù. Kí n fi ọkàn balẹ̀ ló ń wí. Inú bí mi díẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ewu ló ń rí ọkàn tútù. Ṣùgbọ́n ó yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn ní ibi tí ó ti kọ́kọ́ ráyè, ó gun ọ̀nà òkè tí wọ́n ń sanwó sí, ó sì sọ fún mi pé dókítà la inú ìyàwó òun náà nígbà àkọ́bí wọn, pé ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Nígbà tí a dé Don Mueang, aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó ọkọ̀ àti ti ojú ọ̀nà jọ jẹ́ bí dọ́là mẹ́rìndínlógún. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, ó mi orí, ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà pé kí n máa sáré.

Mo sáré. Mo gbé báàgì ọmọ rù, mo sì ń wọ́ àpótí lẹ́yìn. Mo ti gbàgbé pé orí mi ni mo gbé e lé, ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni. Mo kẹ́yìn ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọbìnrin ní Ìṣẹ́yìn. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wo báàgì náà bóyá yóò já bọ́. Kò já bọ́. Ọ̀nà là fún mi títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù.

Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó sì wo ojú mi. Ó ní wọ́n ti tì í. Bàálù ṣì wà nílẹ̀, mo lè rí i láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í. Mo ní ọmọ mi ni. Mo ní wọ́n fẹ́ la inú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kéré, tèmi sì ti dàrú mọ́ Yorùbá. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀.

Ní New York, bí obìnrin àgbà bá kúnlẹ̀ nínú pápákọ̀ òfurufú, dókítà ni wọn yóò pè sí i, tàbí ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin yìí ta gìrì bí ẹni tí iná jó. Ó yí jáde láti ẹ̀yìn tábìlì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi, ó tẹ̀ ba títí orí rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju tèmi lọ, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ń gbàdúrà.

“Mae, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mae, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.”

Mae ni ìyá. Anan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ọ̀dọ̀ wọn, bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, wọ́n gbà pé yóò gé ẹ̀mí ọmọ náà kúrú. Ẹ rí i pé kò ṣe àjèjì sí wa. Bí mo bá wà nílé, tí ìyá kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi, èmi náà yóò dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Báyìí ni àwa méjèèjì wà nílẹ̀, òun kò lè dìde kí n tó dìde, èmi náà kò sì fẹ́ dìde títí yóò fi gbọ́ mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé omi ti dé ojú rẹ̀, ojú sì tì mí, mo di apá rẹ̀ mú, a jọ dìde.

Ó ní, “Mae, ẹ sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀.”

Mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́. Bàálù mìíràn wà ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àyè kan ló kù nínú rẹ̀. Ó fi mí sí i, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi àpótí sílẹ̀ kó máa bọ̀ lọ́la, kí n má baà dúró dè é nígbà tí mo bá sọ̀. Mo fi í sílẹ̀. Èlùbọ́ lè pẹ́.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà bàálù, mo pe Mojísọ́lá.

“Mọ́mì, ibo lẹ wà?”

“Bangkok ni mo wà. Bàálù tèmi ti lọ. Mo ti rí òmíràn.”

“Ṣé ẹ máa dé kí wọ́n tó gbé mi wọlé?”

Mo ti ṣírò rẹ̀. A ó sọ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò lè ṣeé ṣe. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọmọ tó fẹ́ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá jáde, èmi ni wàá kọ́kọ́ rí.”

Ó ní, “Ẹ ṣèlérí fún mi.” Mo ní mo mọ̀. Mo gbàdúrà fún un, ó ń ṣe àmín, lẹ́yìn náà mo ní kó fún ìyá Anan ní fóònù.

Khun Mae ni gbogbo wa ń pè wọ́n, khun jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Wọ́n jù mí lọ, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, “Mae.” Àwọn náà ní, “Mae.” Lẹ́yìn èyí, Yorùbá nìkan ló wá. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú.” Wọ́n dáhùn ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ gígùn kan, jẹ́jẹ́. Èmi kò gbọ́ ọ, àwọn náà kò gbọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pa fóònù.

Bàálù náà kò pẹ́ ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Pápákọ̀ Chiang Mai fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàrin ìlú, òjò sì ti dá. Ọkọ̀ pupa kan tí wọ́n fi bẹ́ǹṣì méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wá ilẹ̀kùn tí Anan júwe. Khun Mae nìkan ló jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ wọn lé itan. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dìde, wọ́n mú mi lọ́wọ́, wọ́n sì mú mi lọ sí yàrá kan lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n ti fi aṣọ wé. Ó gbé ọmọ náà wá. Mo sún sẹ́yìn kí Khun Mae lè gbà á, ìlú wọn ni, àwọn ni wọ́n sì ti wà níbẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n fọwọ́ tì mí síwájú.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni mo gbà yẹn. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo iná.

Nígbà tí Anan jáde ló sọ fún mi pé àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ gbé ọmọ náà fún ìyá òun kí n tó dé, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á. Wọ́n ní ìyá ìyàwó kò tíì dé. Ó sì sọ ohun tí wọ́n dá mi lóhùn lórí fóònù: “Mi ò mọ ohun tí ẹ wí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyá máa ń wí. Mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.”

Èmi ni Mojísọ́lá kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n gbé e jáde.

“Mọ́mì, ẹ pẹ́.”

“Mo pẹ́.”

“Khun Mae ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò wo ẹ̀yìn.”

Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn. Ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ lápá ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, wọ́n á fi ìka rọ ọ́ bí ọ̀kèlè, wọ́n á fi run ọbẹ̀. Ara mi balẹ̀ níbi oúnjẹ. Fún ọlọ́mọ, wọ́n ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ata rẹ̀ ta gan-an, kí omi ọyàn lè wá. Èmi ń po ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ń mu méjèèjì, ó ń ráhùn sí méjèèjì. Wọ́n ní ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá iná, kí ara rẹ̀ lè padà. Mo ní tiwa, omi gbígbóná ni. Dókítà kò gbà fún èyíkéyìí nínú wa títí ojú egbò fi jiná. Nígbà tó jiná, Khun Mae ń fi ewé tí wọ́n dì sínú aṣọ, tí wọ́n sì fi ooru mú gbóná, tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, èmi ń fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ níkùn.

Ìwẹ̀ ọmọ ni wọn kò lè wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi apá méjèèjì gbé ọmọ náà kọ́ láti na eegun rẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n sì sá jáde sí àgbàlá. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti rí kànhìnkàn lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní àwọn ń lọ ra nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tún orí rẹ̀ ṣe, wọ́n máa ń padà wá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan orí ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n á tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èyí. Àwa náà kì í fi orí ọmọ ṣeré.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo sọ ọ́ ní Ọpẹ́yẹmí. Khun Mae so òwú funfun mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní Fon ni àwọn yóò máa pè é nínú ilé. Fon ni òjò, nítorí òjò tó dá mi dúró ní Bangkok. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwa náà ní i, Béjídé là ń pe ọmọ tó bá òjò dé. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu wọn báyìí ju Fon lọ.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, Mojísọ́lá ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti Chiang Mai, Suvarnabhumi ni mo sọ̀ sí, Suvarnabhumi náà ni mo sì ti gbéra lọ sí Seoul. Ẹrù mi kò kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù títí mo fi dé New York. Owó rẹ̀ fi dọ́là mẹ́tàdínlógójì ju tèmi lọ. Ká ní mo ti san án tẹ́lẹ̀, ọmọ mi ì bá rí mi kó tó wọlé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì jẹ́ kó pa ọpẹ́ mi rẹ́. Ọlọ́run fi awakọ̀ kan sí ojú ọ̀nà fún mi, ó fi ọmọbìnrin kan sí ẹ̀yìn tábìlì, ó sì fi ìyá kejì sí ẹ̀bá ibùsùn ọmọ mi. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo dúró lójú fèrèsé bàbá ní St. George, mo wo Manhattan tó wà nítòsí bẹ́ẹ̀, mo sì wo aago mi kí n má baà pàdánù ọkọ̀ ojú omi.

Ìyá Kẹ́hìndé ti pa tíkẹ́ẹ̀tì yẹn tì. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ní ọmọ lókèèrè, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orúkọ pápákọ̀ tí ẹ ó sọ̀ sí àti ti èyí tí ẹ ó ti gbéra, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ má bi fóònù. Ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé ìlú náà, kí ẹ bi í bí ọ̀nà ilẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó nígbà tí òjò bá ń rọ̀.